Ta Ló Ni Yàrá Etíkun? Ìtàn Ìsinmi Àwọn Ará Johannesburg

Johannesburg kò ní òkun, kò ní ọ̀sà, kò sì sí odò ńlá kankan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Góòlù ló bí i. Nígbà tí wọ́n rí góòlù ní Witwatersrand lọ́dún 1886, àwọn èèyàn ya bo ilẹ̀ gíga gbígbẹ kan tó fi nǹkan bíi 1,700 mítà ga ju òkun lọ. Wọ́n pàgọ́, wọ́n gbẹ́lẹ̀, ìlú sì dìde. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń gbé ibí tó sì fẹ́ rí òkun ní láti rin ìrìn àjò. Ará Èkó lè wọ bọ́ọ̀sì lọ wo òkun lọ́sàn-án, kó sì padà wá jẹun alẹ́ nílé. Ará Johannesburg máa rin nǹkan bíi kìlómítà 570 kó tó dé Durban, ẹni tó bá sì rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn. Ibi tó máa sùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ti ka ìtàn púpọ̀ nípa etíkun Gúúsù Áfíríkà, iyanrìn àti omi ló sì máa ń gba ojú ìwé níbẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ibùsùn.

Oṣù kẹfà àti oṣù keje ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbóná nílé wa. Òtútù Johannesburg kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn. Koríko á gbẹ, á pọ́n bí ilẹ̀, atẹ́gùn á gbẹ débi tí ètè á fi máa là, àwọn tó kọ́ ilé ibí sì kọ́ ọ bí ẹni pé òtútù kò ní dé láé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á gba ìsinmi, gbogbo ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ á sì máa wá ibi tí oòrùn wà. Lọ́dún yìí, ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, a sì ní ọmọ méjì, nítorí náà èmi àti ọkọ mi jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Òun ń fẹ́ Zanzibar. Àwọn ọmọ ń fẹ́ ibikíbi tó bá ti ní odò ìlúwẹ̀ẹ́. Èmi ń wo iye owó, mo sì ń wo ìwé ìrìnnà wa, nítorí ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé kì í jẹ́ kéèyàn ṣètò ìgbádùn láìkọ́kọ́ ṣírò físà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti Durban nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi bi mí lórí fóònù: "Ta la mọ̀ níbẹ̀?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ìran ìyá mi kì í lọ sí ìlú tí wọn ò ti ní ẹni tí wọ́n máa dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Owó òtẹ́ẹ̀lì lójú wọn, ìnákúnàá ni, ó sì tún fẹ́ jọ ìtìjú, àfi bí ẹni pé èèyàn ò ní ẹbí. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì sí wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Orlando ní Soweto ni wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà báyìí. Gógó ni àwọn ọmọ mi ń pè é, bí gbogbo ọmọdé ibí ṣe ń pe ìyá àgbà. Mo ní a fẹ́ lọ sí Durban. Ó ní, "Ta lẹ máa sùn sọ́dọ̀ rẹ̀?" Ìbéèrè kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ yàtọ̀ síra. Àṣà ni ìyá mi ní lọ́kàn. Ní ti Gógó, òfin ló kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju òfin gan-an lọ. Lọ́dún 1893, lọ́yà kan láti Íńdíà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Mohandas Gandhi, gúnlẹ̀ sí Durban, wọ́n sì rán an lọ sí Pretoria nítorí ẹjọ́ oníṣòwò kan. Ọ̀pọ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe lé e jáde nínú ọkọ̀ rélùwéè ní Pietermaritzburg nítorí pé ó jókòó sí kíláàsì àkọ́kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé Johannesburg kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Grand National Hotel. Ọ̀gá ibẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé yàrá ti kún. Gandhi yíjú padà, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Abdul Gani, gbọ́ ibi tó ti ń bọ̀, ẹ̀rín ló bú sí: ṣé Gandhi rò pé wọ́n máa gba òun ní òtẹ́ẹ̀lì ni? Gandhi fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Nígbà tó dé Pretoria, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan tó bá pàdé ní ibùdókọ̀ rélùwéè ló mú un lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ẹnì kan tó ń jẹ́ Johnston. Johnston gbà á, àmọ́ ó ní kó máa jẹun nínú yàrá rẹ̀, kí inú má bàa bí àwọn oníbàárà yòókù. Lẹ́yìn náà, ó lọ bi àwọn oníbàárà náà léèrè, wọ́n ní kò kan àwọn. Gandhi bá bọ́ sí yàrá ìjẹun.

Ẹ kíyè sí ohun tí ọ̀gá Grand National sọ. Kò ní àwọn kì í gba irú rẹ̀. Yàrá ló ní ó ti kún. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún lò, kò sì tíì gbó títí di òní. Màá padà sórí rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1895, ojú irin tó wá láti Durban wọ Johannesburg. Ọdún kan náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ojú irin tó so agbègbè yìí pọ̀ mọ́ Lourenço Marques, ìlú àwọn Potogí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Maputo lónìí. Láti ìgbà yẹn ni lílọ sí etíkun ti di àṣà fún àwọn òyìnbó Johannesburg. Durban wà fún ìdílé tó ń kó ọmọ dání. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi àwọn àlejò náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní Vaalies nítorí pé Transvaal ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó wọn. Ní ti Lourenço Marques, ibi tí àwọn àgbà ń lọ tú ìgbànú ni. Ìsìn àwọn Afrikaner kò fẹ́ ijó, kò fẹ́ ọtí lọ́jọ́ Ìsinmi. Lọ́dọ̀ àwọn Potogí, ijó wà, ọtí wà, edé ńlá tí wọ́n fi ata sun sì wà. Òtẹ́ẹ̀lì Polana ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1922 lórí òkè kan tó kọjú sí òkun, ó sì di ilé ìtura tí orúkọ rẹ̀ ń dún ní gbogbo ilé olówó ní Johannesburg. Láti 1936 títí di 1975, rédíò LM ń ta orin láti ìlú yẹn wọ inú yàrá àwọn ọ̀dọ́ Johannesburg.

Àmọ́ ọkọ̀ ojú irin kì í rin ọ̀nà kan. Ojú irin kan náà ló ń kó àwọn ọmọkùnrin Mozambique bọ̀ wá síbi ìwakùsà góòlù, lábẹ́ ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́ àwọn onígóòlù tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Wenela. Ẹni tó ń lọ sí ìlà oòrùn, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi ló ń lọ sùn. Ẹni tó ń bọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, kọ́mpáùndù ló ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń to ọkùnrin jọ sínú yàrá kan bí ẹni to ẹrù sínú àká. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé owó tí èkejì ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ni àkọ́kọ́ ń ná létí òkun.

Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò dá ìyàsọ́tọ̀ sílẹ̀, ó kàn sọ ọ́ di òfin tó le ni. Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń rántí ni ti 1953, Reservation of Separate Amenities Act. Ohun tó fà á yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan lọ jókòó sí yàrá ìdúró àwọn òyìnbó ní ibùdókọ̀ rélùwéè Cape Town, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, àwọn adájọ́ sì ní bí wọ́n bá fẹ́ ya èèyàn sọ́tọ̀, ohun tí wọ́n fún ẹni kìíní gbọ́dọ̀ bá ti ẹni kejì dọ́gba. Ìjọba kò bá wọn jiyàn. Ńṣe ló ṣe òfin tuntun tó sọ pé kò pọn dandan kí ó dọ́gba. Nígbà tó di 1960, wọ́n fẹ òfin náà dé orí òkun àti etí rẹ̀. Àwòrán pátákó kan láti etíkun Durban gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Ọdún 1989 ni wọ́n yà á, wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì, Afrikaans àti Zulu, pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin etíkun ìlú náà ṣe sọ. Èdè Zulu yẹn ló máa ń dùn mí jù. Wọ́n kọ́ èdè èèyàn dáadáa kí wọ́n tó fi lé e kúrò nílẹ̀ rẹ̀.

Lójú tèmi ṣá, kì í ṣe pátákó yẹn ló lágbára jù. Ọdún kan ṣáájú òfin 1953, wọ́n ti tún òfin ìgbélùú ṣe ní 1952, wọ́n sì fi wákàtí 72 sínú rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 72 lọ ní ìlú ńlá kankan láìgba àyè, àfi tí wọ́n bá bí i síbẹ̀ tó sì ń gbé ibẹ̀ títí, tàbí tó ti bá agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún 10, tàbí tó ti ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin fún ọdún 15. Ẹ̀tọ́ tó ní sí ìlú kan kò sì bá a dé ìlú kejì. Ẹni tí wọ́n bí sí Johannesburg, tí ìwé rẹ̀ pé, tó ń san owó ilé rẹ̀ déédéé ní Orlando, bó bá kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Durban láìgba àyè, wákàtí 72 ni. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan di ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè fi mú bàbá níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi: ọ̀nà jíjìn, àwọn òtẹ́ẹ̀lì etíkun tí wọ́n jẹ́ ti aláwọ̀ funfun, àti ọjọ́ mẹ́ta péré. Pátákó etíkun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò mọ́. Ẹni tí kò ríbi sùn kò ní dé ibi tí pátákó wà.

Síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Gógó sọ bí wọ́n ṣe ń lọ fún mi, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, láìsí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Òru ni wọ́n ń gbéra. Ìjọ wọn á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á ti din adìẹ, wọ́n á ti se ẹyin, wọ́n á kó búrẹ́dì àti ife tíì dání, nítorí kò sí ilé oúnjẹ lójú ọ̀nà tó máa jẹ́ kí wọ́n jókòó. Oúnjẹ ọ̀nà yìí ní orúkọ tirẹ̀ títí di òní: àwọn Afrikaner ń pè é ní padkos, àwọn Zulu ń pè é ní umphako. Inú igbó ni ilé ìyàgbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá dé Durban, ọmọ ìjọ kan á gbà wọ́n sílé, ẹni mẹ́wàá nínú yàrá kan, àwọn ọkùnrin á sì sùn nínú bọ́ọ̀sì. Bí ìjọ ò bá lẹ́ni níbẹ̀, wọ́n á wẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bu omi òkun sínú ìgò, wọ́n á sì yí padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Omi òkun yẹn ṣe pàtàkì. Wọ́n máa ń mu díẹ̀ níbẹ̀ láti fọ inú, wọ́n sì máa ń gbé e délé fún ẹni tí kò lè wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú ló mọ òkun dáadáa. Ọdọọdún ló ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe lọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó kan, wọ́n sì máa ń mú un dání kó lè máa tọ́jú àwọn ọmọ. Ó ń dúró lórí iyanrìn aláwọ̀ funfun nìkan yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, pátákó ò sì bá a wí, nítorí ọmọ òyìnbó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lálẹ́, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ni tirẹ̀. Gógó ní ẹ̀gbọ́n òun kò fi gbogbo ara wọ omi rí. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ bọ̀ ọ́.

Irú ẹ̀tàn yẹn ni Nelson Mandela náà lò lójú ọ̀nà kan náà. Nígbà tí wọ́n mú un nítòsí Howick ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1962, Durban ló ti ń bọ̀, Johannesburg ló ń lọ, ó sì wọṣọ bíi dírẹ́bà òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, Cecil Williams. David Motsamayi ni orúkọ tó sọ fún ọlọ́pàá. Aláwọ̀ dúdú tó bá wà nínú ọkọ̀ tó dára lójú ọ̀nà Durban ní láti jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹnì kan kí ọkàn àwọn tó ń wò ó tó balẹ̀.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé tó wà nílé má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibí nìkan ni mò ń sọ, Èkó náà ní tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù dé sí Èkó. Ivor Cummings ni orúkọ rẹ̀. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel, òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ti ọmọ Gíríìsì kan. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọn ò gbà á mọ́. Ní ìlú Èkó fúnra rẹ̀! Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn olóṣèlú pàdé lórí rẹ̀, ìgboro gbóná, kò sì pẹ́ tí ìjọba Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́ nírú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni iṣẹ́ tí Cummings ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òun ni ìjọba rán lọ pàdé àwọn ará Karíbíà tí ọkọ̀ Windrush gbé dé Ìlú Ọba ní oṣù kẹfà 1948, òun ló sì bá àwọn tí kò ní ilé ṣètò ibi tí wọ́n máa sùn, nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Clapham tí wọ́n gbẹ́ nígbà ogun. Ó lé ní 200 ọkùnrin tó sùn síbẹ̀.

Oṣù karùn-ún ọdún 1948 yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ National Party wọlé ìbò ní Gúúsù Áfíríkà. Bí Èkó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì, Pretoria ń múra láti kan tirẹ̀ pa. Ní Amẹ́ríkà, ajélẹ́tà kan ní Harlem, Victor Hugo Green, ti ń tẹ ìwé jáde láti 1936 tó ń to orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tó lè gba arìnrìn-àjò aláwọ̀ dúdú. Ìwé ti Gógó kò sí lórí pépà. Orúkọ àwọn ìyá ìjọ ní Durban àti àdúgbò tí wọ́n ń gbé ló wà lórí rẹ̀, ó sì ṣì lè ka díẹ̀ nínú wọn fún mi.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1970, ìtìjú ayé bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá ìjọba náà. Àlejò aláwọ̀ dúdú ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá, aṣojú ìjọba, eléré ìdárayá, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbé wọn sí. Wọ́n bá mú àwọn òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá díẹ̀, wọ́n ní ti gbogbo ayé ni ìwọ̀nyí, wọ́n lè gba aláwọ̀ dúdú. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn: ọmọ ilẹ̀ ní láti di àlejò òkèèrè kó tó lè sùn nílẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1979, Sol Kerzner, ẹni tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì Beverly Hills sí Umhlanga létíkun Natal ní 1964, ṣí Sun City. Bophuthatswana ló kọ́ ọ sí, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Pretoria sọ pé ó ti gba òmìnira, tí orílẹ̀-èdè mìíràn kankan kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, dúdú àti funfun lè ta tẹ́tẹ́ pọ̀ kí wọ́n sì sùn sábẹ́ òrùlé kan. Kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ sí Johannesburg. Àwọn olórin tí Steven Van Zandt kó jọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985 búra pé àwọn kò ní ṣeré níbẹ̀, mo sì rò pé wọ́n jàre. Nígbà tó di 1992, wọ́n ṣe òkun àtọwọ́dá síbẹ̀, tó ní iyanrìn, tó sì ń ru ìgbì. Àwọn ọmọ mi ti lọ, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi tí wọ́n fi ní ó dára ju òkun gidi lọ, torí kò níyọ̀.

Ìyókù rọrùn láti sọ. Wọ́n fagi lé òfin wákàtí 72 ní 1986. Ní oṣù kẹjọ 1989, Desmond Tutu àti ọ̀pọ̀ èèyàn rọ́ lọ sí etíkun àwọn òyìnbó nítòsí Cape Town, àwọn ọlọ́pàá sì kó ajá àti pàṣán dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Durban. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, F. W. de Klerk kéde pé etíkun di ti gbogbo èèyàn. Wọ́n pa òfin 1953 rẹ́ ní oṣù kẹwàá 1990.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń dákẹ́ sí, ibí sì ni ọ̀rọ̀ tèmi wà. Ìkéde kan ṣoṣo lè ṣí iyanrìn. Kò lè ṣí ibùsùn. Láti àwọn ọdún 1950, àwọn ìdílé òyìnbó Johannesburg ti ń ra fúláàtì àti ilé ìsinmi lẹ́bàá òkun, ní Umhlanga, ní Amanzimtoti, ní Margate, lákòókò tí òfin Group Areas kò jẹ́ kí ẹni bíi bàbá Gógó ra ilẹ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Bàbá kú, ọmọ jogún. Ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, tí wọ́n ń fi wọ́n háyà fún èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwòrán balùwẹ̀ funfun. Mo máa san owó náà. Mi ò sì rí ohun tó burú nínú kéèyàn jogún ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tí à ń yàn nígbà tí a bá ń yan ibi tí a máa sùn.

Ó tún ń ṣàlàyé nǹkan kan tí inú máa ń bí mi sí. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, etíkun Durban máa ń kún dẹ́nu. Àwọn èèyàn ń ti Johannesburg àti ìgbèríko wọ bọ́ọ̀sì àti taksí lóru, wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á padà lálẹ́. Ìjọba ìlú á so òǹtẹ̀ mọ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa sọnù. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ní oṣù kìn-ín-ní 2016, obìnrin kan tó ń ṣòwò ilé àti ilẹ̀ ní etíkun gúúsù Natal kọ ọ́ sórí Facebook pé ọ̀bọ ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wá sí etíkun. Ilé ẹjọ́ ní kó san R150,000. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò ní yàrá, orí iyanrìn ló ti máa jẹun, ibẹ̀ ló ti máa pààrọ̀ aṣọ ọmọ, ibẹ̀ ló ti máa sùn lọ́sàn-án. Ẹni tó ní yàrá ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, òun la sì ń pè ní ọmọlúàbí.

Ní tiwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, a ní ẹrù tiwa lórí eléyìí. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ilé ìsinmi kan lóṣù tó kọjá, wọ́n fèsì láàárín wákàtí kan pé yàrá wà. Mo fi orúkọ wa ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ìyá mi bí wọ́n ṣe béèrè. Èsì tó dé lẹ́yìn náà ni pé ó dun àwọn, yàrá ti kún. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọjọ́ yẹn ṣì ṣófo. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, mo fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí Abdul Gani àti ẹ̀rín rẹ̀.

A ti rí ibòmíràn, fúláàtì kan tó ní ilé ìdáná, èyí tí ìyá mi sọ pé òun kò lè ṣe láìní, torí kò sẹ́ni tó máa fún òun ní ẹyin àti búrẹ́dì fún ọjọ́ méje. Ìyàwó onílé náà pè mí, ó béèrè bóyá àwọn ọmọ máa nílò ibùsùn kékeré, ó sì ní òkun ṣì máa lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lóṣù keje. Mo sọ fún Gógó. Ó béèrè ọjọ́ tí a máa lò, mo ní méje. Ó ní òun kò sùn létí òkun ju alẹ́ méjì lọ rí láyé òun, inú bọ́ọ̀sì sì ni ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ìyá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn lè rí ọ̀rọ̀ sọ lọ́nà.

Yàrá mẹ́ta la wá ń wá báyìí. Ọkọ mi ń tún owó náà ṣírò.